Àwo Tó Ń Tàn Lórí Ààtàn

Àwọn tó wà ní ẹ̀ka wa ti gbọ́ ìtàn yìí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ní a da àrùn sígboro. Ẹlòmíì ní wọ́n ti lé wa kúrò ní láàbù. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi lójúkojú, láìmọ̀ pé èmi gan-an lọ̀rọ̀ kàn, pé ẹyin sísè tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì máa ń tàn yanranyanran bó bá di alẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú mi, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn ti wá. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Tìróò ló gbé wa dé ìdí iṣẹ́ náà. Ìyá mi àgbà kì í jáde láìlé tìróò, wọ́n sì ń lé e fún gbogbo àwa ọmọ-ọmọ wọn nígbà tá a wà ní kékeré. Ní 2012, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde nípa ọmọ ọwọ́ kan ní ìlú Boston tí òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí, tìróò tó ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n ń lé fún ọmọ náà, ni wọ́n bá nídìí ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé ló kó ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ìròyìn yìí, mo pe ìyá mi àgbà lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ojú tèmi ṣì ń ríran dáadáa, lọ kàwé ẹ.”

Mo lọ kàwé mi lóòótọ́. Bí a ṣe dé 400 Level, èmi àti ẹnìkejì mi tí a jọ ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì pinnu pé bakitéríà tí yóò máa fi òjé hàn la máa ṣe. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Cupriavidus metallidurans, tó lè gbé níbi tí irin àti òjé ti pọ̀. Ó ní ohun kan nínú jíìnì rẹ̀ tó dà bí súwíìṣì iná: bí òjé bá dé, súwíìṣì náà á tan, bakitéríà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ òjé. Ẹran inú òkun kan tún wà, Aequorea victoria, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tó sì ní jíìnì tó ń mú kó tan àwọ̀ ewé. Bí èèyàn bá so súwíìṣì ti àkọ́kọ́ mọ́ jíìnì ti ìkejì, tó wá ki méjèèjì bọ inú E. coli, ó yẹ kí E. coli náà máa tàn bí òjé bá wà nínú omi tí a fi í sí. Kò sí èyí tí a dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ rí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Edinburgh sì ti ṣe ti arsenic ní 2006 fún ìdíje iGEM. Àmọ́ a fẹ́ ṣe tiwa, a sì fẹ́ gbé e lọ sọ́jà, ká máa dán tìróò wò níwájú àwọn tó ń tà á. Bá a ṣe rò ó nìyẹn. A ti ń wo ara wa nínú fọ́tò.

Dókítà tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ka àbá náà dé ìlà tó sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n sì fi bíírò fa igi kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n ní, “Tìróò ni kẹ́ ẹ gbé wá bá bakitéríà. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé bakitéríà lọ bá tìróò.” Wọ́n ṣàlàyé pé iGEM fúnra rẹ̀ kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gbé ohun alààyè tí wọ́n tún jíìnì rẹ̀ ṣe jáde kúrò ní láàbù, ì báà jẹ́ nínú ìgò tí wọ́n dé pa. Nílé wa níbí náà, òfin tó dá National Biosafety Management Agency sílẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n tún un ṣe ní 2019, èèyàn kò sì kàn lè máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri láìgbàṣẹ. A fajú ro. A kọ àbá náà ní àkọtun, a sì kún fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ ààbò ilé ẹ̀kọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù yìí. Ó béèrè orúkọ bakitéríà wa, ibi tó ti wá, bóyá ó lè fa àrùn. A dáhùn dáadáa. E. coli K-12 la fẹ́ lò. Ara aláìsàn kan tó ń gbádùn bọ̀ ní Stanford ni wọ́n ti mú un ní 1922, ó sì ti pẹ́ nínú láàbù débi pé ó ti dà bí ọmọ àkẹ́bàjẹ́ tí kò lè dá gbé níta mọ́. Ní oṣù kejì 1975, àwọn onímọ̀ tó lé ní 100 pàdé ní Asilomar ní California lórí bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ jíìnì láìṣe aráyé ní jàǹbá. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé kí èèyàn lo ohun alààyè tí kò ní lè rọ́wọ́ mú bó bá jáde. K-12 wọ inú èrò yẹn dáadáa. A kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, a tiẹ̀ fi ìgbéraga díẹ̀ kọ ọ́. Ohun tí fọ́ọ̀mù náà kò béèrè rárá ni pé: bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Mo ti ronú lé e títí. Ó dá mi lójú pé ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú irú ìbéèrè wọ̀nyẹn.

Kí a tó fọwọ́ kan ti òjé, Dókítà ní ká fi pGLO kọ́ ọwọ́ wa ná. Òrùka DNA kékeré kan nìyẹn. Jíìnì tó ń tàn wà nínú rẹ̀, ṣúgà kan tó ń jẹ́ arabinose ló máa ń jí i. Jíìnì mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí bakitéríà tó bá gbà á máa gbé nínú ampicillin láìkú. Bá a ṣe ń mọ èyí tó gbà á nìyẹn: a ó tẹ́ gbogbo wọn sórí agar tó ní ampicillin, èyí tí kò bá gbà á á kú, èyí tó gbà á á yè. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ampicillin yẹn náà ló wà nínú Ampiclox tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́míìsì bí ọ̀fun bá ń dùn wá, tí a kì í sì í lò tán.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i. A pa iná láàbù, ẹnìkejì mi mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn oníPOS fi ń yẹ owó wò, ó tan án sórí àwo, gbogbo ẹ̀ sì yọ àwọ̀ ewé lójú wa. A pariwo débi pé Bàbá Láàbù sáré wọlé. (Bàbá Láàbù ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá tó ń bójú tó irinṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti wà ní ẹ̀ka wa kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.) Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní ká má gbàgbé láti palẹ̀ mọ́.

Pípalẹ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwo tí a bá ti lò kì í lọ sórí ààtàn bẹ́ẹ̀ yẹn. Autoclave ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, ìkòkò irin ńlá tó ń fi ooru omi àti agbára pa ohunkóhun tó bá lẹ́mìí nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n 121°C. Èèyàn á kó àwo sínú àpò, á lẹ téèpù kan mọ́ ọn lára, téèpù tí ìlà ara rẹ̀ máa ń di dúdú bí ooru bá kàn án, á sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́, ìwọ̀n ooru, ìṣẹ́jú mélòó, orúkọ, ìbuwọ́lù.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìdána ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tó máa gbé mi sì fẹ́ gbéra ní aago márùn-ún. Mo kó àwo tó tó ogójì sínú àpò kan ṣoṣo, mo fún un títí ó fi wọlé, mo so ẹnu rẹ̀ pa gbọn-in kí ó má baà tú, mo gbé e sínú autoclave. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ pé 121, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, iná lọ. Mo dúró. Kò sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní dísù ti tán. Nígbà tí ìkòkò náà tutù díẹ̀, mo ṣí i, mo wo téèpù. Ó ti dúdú. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni téèpù náà sọ fún mi. Mo ṣí ìwé, mo kọ “121°C, ìṣẹ́jú 15,” mo buwọ́ lù ú, mo gbé àpò náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń gbálẹ̀, mo sáré lọ bá ọkọ̀.

Ẹ wò ó, mo kọ 15. Mo jẹun ìdána, mo jó, mi ò tiẹ̀ rántí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba ẹ̀yìn ẹ̀ka wa kọjá, mo rí màámá tó máa ń ṣa ike lórí ààtàn. Wọ́n jókòó lórí òkúta, àpò wa wà ní títú lẹ́bàá wọn, wọ́n ń fi ìka họ agar inú àwo dànù, wọ́n ń to àwo sínú bàsíà omi.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

“Oo, ọmọ mi. Ẹ mà ń da àwo tó dáa nù níbí o.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?”

“Ọmọ mi obìnrin ló ń ta ẹyin sísè lẹ́nu géètì. Ata ni yóò máa bù sínú ẹ̀ fún àwọn oníbàárà.”

Mo wo àwo náà. Roboto ni wọ́n. Ẹni tó bá ti lo autoclave rí mọ̀ pé àwo oníke yẹn kì í jáde ní roboto. Ooru máa ń ká a kò ni, á rún mọ́ra bíi nylon tó sún mọ́ iná. Ìwọ̀nba tó wà létí àpò ti rún lóòótọ́. Àwọn ti àárín wà bí a ṣe kó wọn síbẹ̀, bakitéríà orí wọn sì ń dán.

Mo ní, “Màámá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn padà fún mi. A ò tíì sè wọ́n.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ìwé ti yí lórí. “Ṣé àwo náà lẹ máa ń sè?”

Mo pe ẹnìkejì mi. Ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, a lọ sábẹ́ òjìji ògiri, ó tan án sórí àwo kan. Àwọ̀ ewé náà yọ, èyí tí a pariwo lé lórí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ohun tó ń tàn yẹn kò lè fara da ooru autoclave. Bó bá ṣì ń tàn, ooru kò dé ibẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ká kàn kó wọn padà ká tún wọn sè, ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ọdún kan sí i ló ń já lu ara wọn lórí mi: ojú bàbá mi, owó ilé, àwọn tí a jọ wọlé tí wọ́n á ti lọ ṣe ìsìnrú ìlú. Mo ní K-12 nìyẹn, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹnìkejì mi ní òótọ́ ni, ó ní ṣùgbọ́n àwo mélòó ni màámá ti kó lọ sílé? A bi wọ́n. Méjì. Ọmọ wọn ti mú wọn lọ sí géètì láàárọ̀.

A sáré. A bá wọn lórí igbá ẹyin, ọ̀kan ṣófo, wọ́n ti bu ata sí ìkejì. A ra gbogbo ata náà. Ọmọbìnrin náà bi wá léèrè ohun tá a fẹ́ fi ata lásán ṣe láìra ẹyin, a kò rí ìdáhùn fún un, a tún ra ẹyin mẹ́rin.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Láàbù la gbà lọ láti ibẹ̀, pẹ̀lú ata, pẹ̀lú ẹyin, pẹ̀lú àwo. Mo ṣe tán láti jẹ̀bi ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo sọ ti iná, mo sọ ti 15 tí mo kọ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn kò sọ nǹkan kan nípa ìwé náà. Wọ́n gbé àpò tó ti ya náà sókè, wọ́n wo ẹnu rẹ̀.

“Ta ló so èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“O so ó bí adìyẹ Kérésì.”

Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wá kọ́ mi ní ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ láti 200 Level. Ooru omi ló ń pa kòkòrò nínú autoclave, kì í ṣe irin gbígbóná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ooru omi náà gbọ́dọ̀ ráyè wọlé. Bí a bá so ẹnu àpò pa, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò ní jáde, ooru omi kò sì ní wọlé, inú àpò á wà ní tútù nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń hó. Bí a bá tún wá fún un kún, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn àpò ni téèpù wà, ẹ̀yìn àpò ló ń jẹ́rìí sí. Ìṣẹ́jú 15 tí mo sì ń kà, ti agar tuntun tí a fẹ́ lò ni. Ìdọ̀tí máa ń gba ìṣẹ́jú 30, tàbí 45, tàbí wákàtí kan pàápàá, bí ó bá ṣe pọ̀ tó.

Èyí ló mú mi gbọ̀n ju gbogbo ẹ̀ lọ. Mo ti rò pé irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa, pé bí iná kò bá lọ ni, ohun gbogbo ìbá dáa. Irọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni mo ti ń so àpò báyẹn. Gbogbo 15 tí mo fi òtítọ́ inú kọ sínú ìwé yẹn, òfo ni wọ́n jẹ́. Èmi náà ni mo sì kọ́ àwọn 300 Level bí wọ́n ṣe ń so ó. Nínú wọn ni àwọn tó ń gbin bakitéríà tí wọ́n mú lára egbò aláìsàn wà, Staphylococcus àti àwọn bíi tirẹ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ àkẹ́bàjẹ́. Inú autoclave kan náà ni wọ́n ń sè wọ́n, ààtàn kan náà ni wọ́n ń lọ.

Dókítà ti láàbù pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n tó tì í, wọ́n ní ká mú díẹ̀ lára àwo ààtàn, ká fà á sórí agar tuntun tó ní ampicillin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti hù bo gbogbo ẹ̀. Wọ́n mú màámá àti ọmọ wọn lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn ní Yorùbá tó yéni, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kò sí nǹkan kan. Bàbá Láàbù fi owó ara wọn ra abọ́ kéékèèké méjìlá fún wọn ní ọjà.

Àwọn kan bi mí pé kí ló wá burú níbẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ṣàìsàn. Mo máa ń sọ fún wọn pé K-12 lè má pẹ́ níta, àmọ́ òrùka DNA tó ń jẹ́ kó gbé nínú ampicillin kò fi dandan bá a kú. Bakitéríà máa ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, àwọn tó wà nínú ilẹ̀ àti gọ́tà ẹ̀yìn ẹ̀ka wa kò sì kún fọ́ọ̀mù kankan. Ó ṣeé ṣe kí irú jíìnì yẹn ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú bí a ṣe ń lo Ampiclox. Ìyẹn kò sọ pé kí a tún máa fi tiwa kún un.

Wọn kò fún mi ní ọdún kan sí i. Dókítà kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn fún ìgbìmọ̀ pé àwa fúnra wa la wá sọ ọ́, wọ́n sì sọ fún gbogbo kíláàsì pé ẹni tó bá wá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní pàdánù máàkì nítorí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni márùn-ún wá. Ọ̀kan ní òun ti ń da ti òun sínú síǹkì láti oṣù méjì, láìbu jíìkì sí i.

Ohun tí a pàdánù ni bakitéríà òjé. Àsìkò ti lọ. Dókítà ní kí a sọ àpò náà di prójẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Wọ́n ra bébà kékeré tó ní irúgbìn Geobacillus stearothermophilus lára, bakitéríà tí ooru kì í tètè pa, a sì ń fi í sí àárín àpò ní onírúurú ọ̀nà. Àpò tí a so, tó kún: ó yè. Àpò tí a so, tí kò kún: ó yè. Àpò tó kún dé ìdajì, tí a ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tí a bu omi díẹ̀ sí, tí a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45: ó kú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí a dán an wò. A tún dán ìkòkò pressure pot wò lórí gáàsì, èyí tí Bàbá Láàbù máa ń lò láyé àtijọ́. Ó kéré, ó ń gba àsìkò, àmọ́ kì í dúró de iná. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè é ní prójẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí. B ni wọ́n fún wa. Mo ṣì máa ń rò ó pé A ni ti òjé ìbá jẹ́, ó sì máa ń dùn mí.

Ìlà kan ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ báyìí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: “Ṣé iná lọ? Ní ìṣẹ́jú kelòó?” Ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti òdo. Lójú ewé ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo fa igi kọjá lórí 15 mi, mo kọ 9 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tún buwọ́ lù ú. Èèyàn lè rí méjèèjì.

Àwo láàbù kì í lọ sórí ààtàn yẹn mọ́, bó ti wù kó rún tó. Ṣùgbọ́n màámá ṣì máa ń wá, ìgò omi àti páálí ni wọ́n ń ṣà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àpò ìgò òfo kan fún wọn láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìgò Fanta lásán. Wọn kò tíì nawọ́ gbà á. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ṣé ẹ ti sè é?”